Rédíò Kì Í Ṣe Akọ̀wé Kóòtù

Òkúta tí a fẹ́ gbé sórí ibojì Bàbá Àgbà ti délẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fín in ti pè mí lórí fóònù títí ó fi sú u. Ó ní orúkọ wà lọ́wọ́ òun, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú wà lọ́wọ́ òun, ìlà kan ṣoṣo tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ni òun ń retí. Orí ìlà kan yẹn ni èmi àti Báyọ̀, ọmọ àbúrò màmá mi, ti ń fa ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti sin Bàbá sí ẹ̀yìn ìlú Humble, lẹ́bàá Houston níbí, nítòsí ilé mi tí wọ́n ti lo ìgbẹ̀yìn ayé wọn.

Ohun tí Báyọ̀ fẹ́ kí òkúta náà sọ ni pé: "Adájọ́ tó fẹ̀yìn tì." Ohun tí èmi fẹ́ kó sọ ni pé: "Ìjọba lé wọn lẹ́nu iṣẹ́." Báyọ̀ ní ta ló ń kọ irú ìyẹn sórí ibojì. Mo ní ẹni tí kò fẹ́ purọ́ níbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ẹbí. A ti fi ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé, nílé Báyọ̀ ní àdúgbò The Woodlands. Mo jókòó kọ èyí kí ọjọ́ náà tó dé, kí n lè kà á sí gbogbo wọn létí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mo ti wá fi kún un ní ìparí. Fúnmi, màmá mi, tó jẹ́ àkọ́bí Bàbá, ti ṣáájú wọn lọ, èmi sì ni àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta abẹ́ ilẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, iṣẹ́ epo ni mo sì ṣe ní ìlú yìí títí mo fi dàgbà. Mi ò mọ òfin. Ṣùgbọ́n mo mọ Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn wọn. Ohùn Bàbá kì í ròkè. Bí inú bá ṣe ń bí wọn tó ni ohùn náà ṣe máa ń lọ sílẹ̀ tó, títí gbogbo ilé á fi dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan má baà fò wá. Wọn kò ga, wọn kò sì sanra. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀pà sísè, wọ́n sì máa ń to èèpo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ bí ẹni pé wọ́n máa nílò rẹ̀ láti fi jẹ́rìí lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n ń kọ́ òfin ní London ni wọ́n wọ̀ títí dé Houston, nínú ooru oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n wọ pálọ̀, wọ́n dúró lábẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jáde látinú ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n gbójú sókè wò ó.

"Fọlárìn," wọ́n ní, "pa òtútù yìí. Mi ò tíì kú."

Ohun kan wà tí wọn kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó wọn ni o, àlùfáà ni o, gómìnà ni o. Wọn kò gbà kí a dá ènìyàn lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé a pè é, kí a sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un lójúkojú, kí a sì jẹ́ kó fèsì. Nínú iṣẹ́ wọn, ìwé ìpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí a pè. Kì í ṣe pé kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe pé kí a gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ òun gan-an ni. Bí akọ̀wé kóòtù kò bá lè búra pé ìwé ti dé ọwọ́ onítọ̀hún, Bàbá á pa fáìlì dé, wọ́n á ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé.

Ilé ìdáná ni àwa ọmọ-ọmọ ti kọ́kọ́ rí òfin yìí. A wá lo họlidé lọ́dọ̀ wọn, ẹran kan sì dàwátì nínú ìkòkò. Màmá Àgbà, ìyàwó Bàbá, ti gbé pàṣán sókè, Báyọ̀ sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, nígbà tí Bàbá yọjú láti yàrá ìkàwé.

"Ta ló pẹjọ́?" wọ́n bèèrè.

"Èmi ni," Màmá Àgbà dáhùn. "Èmi ni mo pè é, èmi ni mo dá a, èmi náà ni mo fẹ́ nà án."

"Ẹ ti sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un?"

"Bàbá Fúnmi, ẹ̀sùn rẹ̀ wà létè rẹ̀. Ẹ ò rí bí epo ṣe ń dán níbẹ̀?"

"Epo kì í jẹ́rìí. Báyọ̀, wọ́n ní o jẹ ẹran inú ọbẹ̀. Kí lo rí sọ?"

Báyọ̀ wo pàṣán, ó wo Bàbá. Ó ní, "Ẹyọ kan péré ni, sà."

Bàbá wá mi orí. Wọ́n dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n wá kọjú sí ìyàwó wọn.

"Ó dára," wọ́n ní. "Ẹ lè wá nà án báyìí."

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí Màmá Àgbà lè gbé pàṣán náà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí Bàbá bá pẹ́ jù nídìí ìwé, ohùn kan ni à ń gbọ́ láti ilé ìdáná: "Kóòtù ti parí, Mílọ́ọ̀dù. Ọbẹ̀ ti ń tutù."

Ìlú Òkè-Ààlà, lẹ́nu ibodè, ni Bàbá ti kọ́ ìwà yìí. Nígbà tí Bàbá dé láti London, Èkó àti Ìbàdàn ni àwọn tí wọ́n jọ kàwé dúró sí, níbi tí àwọn kóòtù ńlá wà. Bàbá gbé àpótí ìwé kan àti àga kan, wọ́n gun lọ́rì lọ sí ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí, níbi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbé igi dábùú ọ̀nà. Lódìkejì igi náà, ilẹ̀ Faransé ni. Lọ́yà kankan kò gbé ibẹ̀ rí. Bàbá háyà ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ kan, wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ wọn sára pákó, wọ́n jókòó. Bí télọ̀ bá ń wa máṣíìnì, Bàbá á dákẹ́; bí máṣíìnì bá dúró, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ òfin wọn lọ. Màmá Àgbà ní ìdajì òfin tó wà lórí bàbá yìí, ariwo máṣíìnì ló gbé e mì.

Ìlú tí kò ní lọ́yà rí kì í fẹ́ràn lọ́yà. Èrò àwọn ará ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń bá olówó fọ irọ́ mọ́ ni. Ẹjọ́ tó yí èrò wọn padà ni ti Ìyá Súlè.

Àwọn òyìnbó tó fa ààlà fà á gba àárín agbo ilé Ìyá Súlè kọjá. Yàrá wà ní Nàìjíríà, ilé ìdáná wà ní Dàhòmì, lápá ti Faransé. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í dá a lóhùn. Kọ́sítọ́ọ̀mù tuntun kan dé, ó rí i tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa láti ilé ìdáná lọ sí yàrá, ó mú un, ó ní fàyàwọ́ ni. Májísíréètì tó máa ń wá lóṣooṣù láti ìlú ńlá ló gbọ́ ẹjọ́ náà nínú ilé ìkẹ́rù kòkó kan. Bàbá kò bá a jiyàn rárá. Wọ́n kàn bẹ májísíréètì pé kí kóòtù lọ wo ilé náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá Súlè gúnyán, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kalẹ̀ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, gbogbo kóòtù sì jẹun nínú yàrá. Nígbà tí májísíréètì wẹwọ́ tán, Bàbá dìde.

"Ṣé oúnjẹ náà dùn, sà?"

"Ó dùn gan-an, Lọ́yà."

"Ilé ìdáná ọ̀hún yẹn ni wọ́n ti sè é. Orí ààlà ni wọ́n gbé e gbà wá síbí, ẹnikẹ́ni kò sì san owó-orí rẹ̀. Mo fẹ́ kí kóòtù bá wa wò ó, ta ni a máa kọ́kọ́ mú, ẹni tó gbé e wá ni, àbí ẹni tó jẹ ẹ́?"

Kọ́sítọ́ọ̀mù ṣì ń lá ìka lọ́wọ́. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Nígbà tí Bàbá bá sọ ìtàn yìí fún wa, àwa á máa rẹ́rìn-ín, Bàbá fúnra wọn kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Bí a bá dúró sí ilé kòkó yẹn, ẹ̀wọ̀n ni ìyá náà ń lọ. Májísíréètì yẹn ò mọ ohun tó ń dá títí ó fi jókòó sórí ẹní rẹ̀."

Mo ní ká má rò pé ọjọ́ orí rọ̀ wọ́n. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí wọ́n dìde dúró ní ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ níbí, ní àkókò ìkéde, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé a ti yọ arábìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, nítorí a rí i lójú ìran pé òun ló ń dá ìjọ rú.

"Àlùfáà, arábìnrin náà dà?" Bàbá bèèrè.

"Kò wá lónìí, Bàbá."

"Ẹ ti pè é?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni."

"Ẹ̀mí á dúró dè é. Nígbà tí Ádámù jẹ èso, Ọlọ́run mọ ibi tó wà, ó mọ ohun tó jẹ. Ó ṣì pè é, ó ṣì bi í léèrè. Ṣé ẹ wá mọ̀ ju Ọlọ́run lọ ni?"

Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn wa rọra sọ pé, "Bàbá don finish am." Wọ́n pe arábìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sọ tẹnu rẹ̀, ó sì ń kọrin níbẹ̀ di òní. Nígbà tí a ń padà sílé lórí freeway lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ náà, mo sọ fún Bàbá pé àwọn èèyàn á máa sọ pé oníwàhálà ni wá.

"Kí wọ́n sọ ọ́ níṣojú mi," wọ́n ní.

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ báyìí. Bàbá kúrò ní Òkè-Ààlà nígbà tí ìjọba fi wọ́n ṣe adájọ́ ìpínlẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pé iye ọdún tí òfin ní kí adájọ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni. Mo ti jáde ní yunifásítì, mo wà lọ́dọ̀ wọn tí mo ń dúró de ìwé tí màá fi wá sí Houston. Ẹjọ́ kan wà níwájú wọn nígbà náà. Abúlé kan lẹ́bàá odò, àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìjọba ní òun gba ilẹ̀ wọn fún ire gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀gá ṣọ́jà kan ló fẹ́ fi ṣe oko. Ẹnikẹ́ni kò pe àwọn àgbẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Ọjọ́ tí katapílà wọ inú ebè wọn ni wọ́n tó mọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni Bàbá fẹ́ ka ìdájọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọkùnrin kan wá kí wọn nílé, ó ní Gómìnà ní kí òun bá òun kí wọn, ó ní ṣé kò ní dára kí ẹjọ́ yẹn dúró ná, níwọ̀n ìgbà tí Bàbá ti fẹ́ lọ sinmi. Bàbá gbé ẹ̀pà síwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí Gómìnà," wọ́n ní. "Ẹ ní aago mẹ́sàn-án ni kóòtù máa jókòó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, a wà nídìí tábìlì oúnjẹ nígbà tí rédíò ka orúkọ àwọn adájọ́ tí ìjọba ti fẹ̀yìn wọn tì lójú ẹsẹ̀ nítorí ìwà àìtọ́. Mo fẹ́ kí Báyọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. "Fẹ̀yìn tì" ni rédíò pè é. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí a fín sórí òkúta, ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà ni. Orúkọ Bàbá wà níbẹ̀.

Màmá Àgbà gbé ìkòkò tíì kalẹ̀. Bàbá ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

"Bàbá Fúnmi, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Rédíò kì í ṣe akọ̀wé kóòtù."

"Ṣọ́jà mà ni wọ́n."

"Ṣọ́jà mọ ọ̀nà ilé wa. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n kó ìwé rẹ̀ wá. Ibi tí mo bá wà ni kí wọ́n wá mi wá, mo sì máa wà ní kóòtù."

Màmá Àgbà wọ yàrá, wọ́n gbé aṣọ ìdájọ́ Bàbá jáde, wọ́n gbọn eruku ara rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín pẹ̀lú kọ́là wíwọ́."

Dírẹ́bà ìjọba kò wá; òun náà ti gbọ́ rédíò. Bàbá ju kọ́kọ́rọ́ Píjò tiwọn sí mi. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró ná, sà. Bóyá ìwé náà á dé láàárọ̀ yìí."

"Ìdí tí mo fi ní kí o yára nìyẹn," wọ́n ní.

Ọ̀gbẹ́ni Sàlámì, akọ̀wé kóòtù wọn, ni a bá lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì ṣílẹ̀kùn.

"Mílọ́ọ̀dù, a gbọ́ orúkọ yín."

"Ta ló fi ìwé lé mi lọ́wọ́, Sàlámì?"

"Kò sí, sà."

"Bó bá jẹ́ àgbẹ̀ kan ni rédíò pè báyìí, tí o wá sọ fún mi pé o ti jẹ́ iṣẹ́ fún un, kí ni màá sọ?"

"Ẹ máa ní kí gbogbo wa máa lọ sílé, sà."

"Ó ti yé ọ. Ṣílẹ̀kùn."

Àwọn àgbẹ̀ ti kún inú kóòtù dé ojú fèrèsé. Bí Bàbá ṣe jókòó, lọ́yà ìjọba dìde. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, ó dà bíi pé adájọ́ kò sí lórí àga yìí mọ́.

"Ìwé dà, Lọ́yà?"

"Ó ń bọ̀, sà."

"Tó bá dé, ẹ gbé e wá. Kó tó dé, ẹ jókòó."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni ohùn wọn ń lọ sílẹ̀, tí gbogbo kóòtù sì ń na ọrùn. Wọ́n ní ìjọba lè gba ilẹ̀ nígbà tí òfin bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láyè láti gba ilẹ̀ ẹni tí kò pè, tí kò sọ fún, tí kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni a gbọ́ ìró jíìpù níta. Ọ̀dọ́ ọ̀gá ṣọ́jà kan wọlé, fìlà wà lórí rẹ̀, àpò ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ wá sí àárín kóòtù. Bàbá kò gbójú sókè. Wọ́n kàn na ìka kan sí i.

"Dúró ná, ọmọ mi. Mò ń kàwé lọ́wọ́."

Ó sì dúró. Mi ò mọ ohun tó dá a dúró. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn tó bá a wá. Bóyá ilé tó ti ní bàbá àgbà ló ti jáde. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìléni náà lọ́wọ́, ó gbọ́ ìdájọ́ náà títí dé ìlà ìkẹyìn, ó rí Bàbá bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Bàbá na ọwọ́. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n kà á tán, wọ́n bi Sàlámì pé aago mélòó ló lù, wọ́n kọ aago náà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n bọ́ wíìgì, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n wo ọ̀dọ́ ṣọ́jà náà.

"O ṣeun tí o mú un wá lé mi lọ́wọ́," wọ́n ní. "Bó ṣe yẹ kí ìjọba ṣe fún àwọn àgbẹ̀ yìí nìyẹn."

Ìjọba gba ilé lọ́wọ́ wọn, ó gba mọ́tò, ó sì tì wọ́n mọ́lé fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn da orúkọ wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn tó gba rìbá. Àwọn ṣọ́jà tún gba ilẹ̀ náà tipátipá. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà lọ. Ìdájọ́ wà nílẹ̀, adájọ́ tó kà á sì ṣì jẹ́ adájọ́ nígbà tó ń kà á. Lọ́yà kankan kò rí ihò lára rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbé e dé kóòtù tó ga jù lọ, wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn padà. Wọ́n ṣì ń kọ ebè níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú Bàbá sílẹ̀, wọ́n wá wò mí ní apartment mi ní àdúgbò Third Ward ní Houston, nígbà tí mo ń kàwé kún ìwé mi níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tí a jọ ń gbé dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, sà. Mo gbọ́ pé ẹ ti fẹ̀yìn tì." Ọmọ náà fẹ́ yẹ́ wọn sí ni.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Bàbá ní. "Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, fúnra rẹ̀ ló dìde lórí àga. Wọ́n lé mi ni."

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, dókítà wá sílé, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàbá pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ọ̀rọ̀ mi ni ẹ ń sọ yẹn, ẹ wá sọ ọ́ fún mi." Dókítà náà wò mí, ó wá jókòó tì wọ́n, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ, wọ́n yíjú sí mi.

"Fọlárìn, aago mélòó ló lù?"

Ibí ni mo kọ ọ́ dé kí Sátidé tó dé. Mo kà á nílé Báyọ̀, nínú pálọ̀ rẹ̀ ńlá, gbogbo ẹbí jókòó yíká. Nígbà tí mo parí, Báyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ ti wá sí Houston nígbà náà. Èmi ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Bí mo bá wọ kíláàsì, wọ́n á ní ọmọ-ọmọ adájọ́ tí wọ́n lé ti dé, ẹ di àpò yín mú. Olùkọ́ náà á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ń pè é ní oyè. Ojú ọgbẹ́ ni lára tèmi. Ẹni tí kò mọ̀ wá á kọjá níbi ibojì yẹn, á kà á, á ní olè ni bàbá yìí."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Tomi, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló sọ̀rọ̀. Yorùbá tí mo kà ti jìn jù fún un, fóònù rẹ̀ ló ti ń tẹ̀ láti àárín. Ó gbójú sókè.

"Wait, Grandpa. Wọ́n lé Bàbá? Why? Kí ni wọ́n ṣe?"

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Báyọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. "Come here," ó ní, "jókòó síbí, jẹ́ kí n sọ fún ẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí rédíò. Ó sọ ti Sàlámì, ó sọ ti lọ́yà ìjọba. Nígbà tó dé orí ṣọ́jà, ó dìde dúró láàárín pálọ̀, ó na ìka kan láìgbójú sókè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀: "Dúró ná, ọmọ mi. Mò ń kàwé lọ́wọ́." Báyọ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n sórí bẹ́ẹ̀. Tomi ti gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀.

Mo dúró kí ó jókòó. "Báyọ̀, bó bá jẹ́ pé Bàbá fẹ̀yìn tì ni ọmọ yìí gbọ́, ṣé á bi wá ní nǹkan kan?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ka ìdájọ́ náà tán."

"Ọkùnrin yẹn ní ìlà kan ṣoṣo ló kù."

"Kó fín in kéékèèké."

Ní ọjọ́ Ajé, mo wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fín òkúta. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà: "Ìjọba lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ka ìdájọ́ wọn tán kí wọ́n tó lọ." Ó wo èmi àti irun funfun orí mi, ó ro ọ̀nà jíjìn tí mo wa mọ́tò wá. Ó ní ìbá ti dára kí n fi ránṣẹ́ lórí fóònù, pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ fúnra mi. Mo sì ní kó kọ aago sí i, kó fọwọ́ sí i pé ó ti gbà á.